Ọ̀rọ̀ Àpọ́nlé Lábẹ́ Etí

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu àgbàlagbà náà kí Mahlagha tó gbé orí sókè. Ohun tó jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni bí ṣíbí gbogbo ènìyàn ṣe dákẹ́ nínú ife tíì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn Etí láti òkè àjà, ohùn tí kì í ṣe ti ọkùnrin, tí kì í sì í ṣe ti obìnrin.

"Mo gbọ́," ni Etí wí.

Gbogbo wọn wòkè. Etí so rọ̀ sókè tábìlì níbi tó máa ń wà, ó funfun, ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Iná ara rẹ̀ tó ti ń tàn ní àwọ̀ ewé láti àárọ̀ ti di àwọ̀ ọsàn. Dókítà Ardavan Nikbakht, olórí ikọ̀ Iran, ṣì tẹ̀ síwájú díẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tíì lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ òsì lé àyà, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Ojú náà kò tíì gbọ́ ohun tí ẹnu ṣe.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ìpàdé ti sú gbogbo wọn, wọ́n ní kí wọ́n fi tíì sinmi díẹ̀. Ìyáàfin Hallberg, obìnrin gíga tó jẹ́ olórí ikọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ń jẹ gaz, súìtì funfun tí wọ́n fi ń yangàn ní Isfahan. Ó nu ẹnu, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Dókítà, ká sòótọ́ fúnra wa. Gbogbo nǹkan yòókù ti yanjú. Àwọn ẹ̀rọ apòòyì tí ń ṣe èròjà átọ́míìkì nínú Òkè Funfun yẹn nìkan ló kù. Ẹ̀rọ tó dáa ni o. Àwọn onímọ̀ wa ní àwọn ò rí irú ẹ̀ rí."

Nikbakht bá rẹ́rìn-ín bí baálé ilé, ó bu tíì kún ife rẹ̀, ó ní, "Ẹ mú wọn. Tiyín ni. Kò tilẹ̀ tó nǹkan tí a lè fún irú yín."

Ẹni tí kò bá mọ Isfahan á rò pé orí àgbàlagbà náà ti dàrú. Kò dàrú rárá. Ní ìlú yẹn, tí ẹ bá yin aago ọwọ́ ènìyàn, á bọ́ ọ, á nà án sí yín pé tiyín ni. Ẹ ó ní rárá o, ọwọ́ yín ló yẹ. Á ní dandan ni, ẹ gbà á. Ẹ ó tún ní rárá. Aago á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, inú ẹ̀yin méjèèjì á sì dùn. Àwa náà kúkú ní tiwa. Ẹni tó ń jẹun á ní kí ẹ wá bá òun jẹun, ẹ ó sì dáhùn pé kó gba ibi ire. Tí ẹ bá fa àga, tí ẹ fọwọ́, tí ẹ bu òkèlè, ẹ ó rí irú ojú tí onítọ̀hún máa fi wò yín.

Ṣùgbọ́n Etí kì í ṣe ará Isfahan. Láyé ìwé, ẹgbẹ́ kan á fọwọ́ sí àdéhùn, ìjọba tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á ya á, ẹgbẹ́ kejì náà á ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn náà ya tàwọn. Wọ́n ya á títí tí kò sí ẹni tó tún ń gba ìwé gbọ́ mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n kan Etí. Ohun tí olórí ikọ̀ kan bá fi fúnni lábẹ́ rẹ̀, tí olórí ikọ̀ kejì sì gbà, ó di ṣíṣe lójú ẹsẹ̀. Ilé owó tó wà lókè òkun á ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà nínú òkè á dúró fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí á tún sáré wá bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́, àmọ́ wọn ò mọ̀ pé àwọn kan ń bọ̀ wá kan ẹ̀rọ tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá èyí tó bá fọ́.

Mahlagha fúnra rẹ̀ ló kọ́ ikọ̀ Iran bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ nǹkan náà. Ó kó wọn jọ sínú yàrá kan ní Tehran, ó sì ń fi rúlà gbá tábìlì nígbàkígbà tí àpọ́nlé bá yọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Má sọ pé "ẹrú yín ni mí." Má sọ pé "ilé yín nìyí." Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, kí o panu mọ́. Nikbakht ló mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wọn. Ní gbogbo ìlú òyìnbó tí wọ́n ti ṣèpàdé láti ọdún tó kọjá, ahọ́n rẹ̀ kò yọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n òní ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ìpàdé wá sí Isfahan, ìlú tí wọ́n bí i sí. Òfin kò gba agbọ́tíì láàyè lábẹ́ Etí, ni ọkùnrin náà bá dìde fúnra rẹ̀, ó gbé ìkòkò tíì. Mahlagha rí i nígbà tó gbé e. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé àgbàlagbà náà rí nǹkan fi na ẹsẹ̀. Kò rántí pé ẹni tó bá gbé ìkòkò tíì ní ìlú baba rẹ̀, tí àlejò jókòó níwájú rẹ̀, kò tún jẹ́ aṣojú ìjọba kankan mọ́. Ó ti di onílé nìyẹn, onílé kì í sì í ro "tiyín ni" kó tó sọ ọ́.

Ìyáàfin Hallberg mọ̀. Ìyẹn ló tún dun Mahlagha jù. Obìnrin náà ti kàwé ní Iran nígbà èwe rẹ̀, ó ti jẹun nílé wọn, ó ti kọ aago àti àwo àti kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ó ti la ẹnu láti sọ pé rárá. Lọ́yà rẹ̀, ọkùnrin tó rù tí kì í rẹ́rìn-ín, gbé ọwọ́ lé tábìlì.

"Ìyáàfin, ẹ rántí òfin ilé o."

Gbogbo ayé ló mọ òfin yẹn. Ilé aṣòfin wọn ló ṣe é lẹ́yìn ìdìbò tó kọjá, pé ẹni tó bá kọ ohun tí Iran yọ̀ǹda lábẹ́ Etí, ọ̀dàlẹ̀ ni, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Ìyáàfin Hallberg pa ẹnu dé. Ó wo súìtì tó kù nínú àwo rẹ̀.

"A gbà á," ó wí, kò sì wojú Nikbakht.

"Mo gbọ́," ni Etí wí. "Ẹ̀bùn ti rí ẹni tó gbà á. Ó ku Ẹlẹ́rìí Àṣà. Ẹlẹ́rìí ní àyè títí iná yóò fi pọ́n."

Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Mahlagha. Òun ni Ẹlẹ́rìí Àṣà. Ohun kan ṣoṣo tí Iran rí gbà nígbà tí wọ́n ń ṣòfin Etí nìyẹn, pé kí ẹnì kan máa wà níbẹ̀ tó lè búra pé ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdéhùn, pé àpọ́nlé lásán ni. Etí sì mọ irọ́ nínú ohùn ènìyàn bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀, nítorí náà òótọ́ nìkan ni Ẹlẹ́rìí lè sọ. Òótọ́ sì wà nílẹ̀. Ó kàn án kó sọ pé, "Àpọ́nlé ni," ọ̀rọ̀ á sì parí.

Kò sọ ọ́.

Ẹnì kan fà súnmọ́ ọn láti ẹ̀yìn, òórùn omi òdòdó sì ta sí i nímú. Basiri ni. Ilé Aṣọ́nà ló rán an wá láti Tehran, ilé àwọn àgbà tí aráàlú kì í dìbò yàn, tí kò fẹ́ àdéhùn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò sì fẹ́ Nikbakht nítorí pé ilé kejì, Ilé Aráàlú, ló yàn án. Ọ̀rọ̀ Basiri kì í wọ Etí. Ó kàn ń jókòó sẹ́yìn ni, ó ń gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Khanom," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí i létí. Ọmọlúàbí ni Basiri o, kì í pe obìnrin lórúkọ láìfi khanom, ìyáàfin, sí i. "Ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ má kánjú."

"Agha Basiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lóhùn tí kì í bá ṣe òótọ́. Tí mo bá dákẹ́, kí lẹ máa ṣe fún wọn?"

"Fún Dókítà? Wọ́n ti fi òkè wa ta àwọn àjèjì lọ́rẹ nídìí tíì. Ilé wa á pè wọ́n lẹ́jọ́ lọ́la. Ẹ mọ ibi tí ẹjọ́ ẹni tó ta ilẹ̀ baba rẹ̀ ń parí sí."

Ó mọ̀ ọ́n. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n á sì pe mọ̀lẹ́bí wá gbé òkú.

"Tí mo bá ní àpọ́nlé ni ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé àgbàlagbà tí ẹnu ń yọ̀ ni wọ́n. A ó ní kí wọ́n máa lọ sinmi nílé. Wọ́n á máa bomi rin àwọn igi wọn." Basiri rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin Etí jù mí lọ."

Ó mọ̀ ọ́n jù ú lọ lóòótọ́. Etí kì í yọ gbólóhùn kan ṣoṣo kúrò lẹ́nu ènìyàn. Ìwọ̀-Oòrùn ló ní kí wọ́n fi ìyẹn sí i, kí àwọn ará Iran má bàa sọ àṣà di ihò tí wọ́n á máa sá sí. Ẹni tí wọ́n bá pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ní àpọ́nlé, gbogbo ohun tó ti sọ lábẹ́ Etí láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ti di àpọ́nlé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Nikbakht ló sì ṣí àwọn agolo.

Ta ni kò ní agolo ní Iran? Bàbá Mahlagha kú síwájú tirẹ̀. Òògùn tí wọ́n bá kó wọ̀lú láti òkè òkun, inú agolo kékeré tó ní ìdérí dúdú ló máa ń wà, ìdérí náà ń fetí sí Etí láti ọ̀nà jíjìn. Tí àdéhùn bá dúró, ìdérí á ṣí. Tí àdéhùn bá bàjẹ́, ìdérí á pa dé, o lè fi òòlù lù ú, o lè fi eyín fà á, òògùn inú rẹ̀ á ti di omi lásán kí o tó ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà òtútù tó kọjá ni àwọn agolo ti ń ṣí. Àwọn tó ní àrùn kíndìnrín ti ń dìde jókòó. Àwọn ọmọdé tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dá ti padà sílé ìwé. Khanom Shamsi, ìyàwó Nikbakht fúnra rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń ṣe ségesège, ti tún ń gun àtẹ̀gùn.

Tí Mahlagha bá sọ pé "Àpọ́nlé ni," Nikbakht á padà sílé lọ bá ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ jókòó máa wo agolo tó pa dé.

"Èwo lẹ̀yin fẹ́?" ó bi Basiri. Inú ń bí i. "Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí n mọ̀."

"Èmi? Èyí tó bá wù yín, Khanom. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀, àdéhùn kò sí mọ́. Tí ẹ bá dákẹ́, Nikbakht kò sí mọ́. Ọ̀nà méjèèjì ló dé ilé wa." Ó fà sẹ́yìn, ó tún tẹrí ba fún un bí ẹni tó ń dúpẹ́ àlejò.

Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Àwọ̀ ọsàn ara Etí ti ń dẹ̀ sí pupa. Mahlagha wo àgbàlagbà náà. Láti kékeré ló ti ń pè é ní Amu, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹni, nítorí pé ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Òun ló san owó ilé ìwé rẹ̀ lẹ́yìn tí agolo bàbá rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣí. Nikbakht ti gbé ìkòkò tíì sílẹ̀ báyìí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó mọ ohun tó ti ṣe, ó sì wò ó bí ẹni tí ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ pé kó má bínú.

Amu, ẹ má sọ̀rọ̀, ó ń wí nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan mọ́.

Àgbàlagbà náà nà ró. Ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó yíjú sí Ìyáàfin Hallberg, ó tún gbé ọwọ́ lé àyà.

"Mo mọ ohun tí mo sọ, Ìyáàfin. Ẹ̀rọ òkè yẹn, mo fi ta yín lọ́rẹ. Tọkàntọkàn ni."

"Mo gbọ́," ni Etí wí. "Ọ̀rọ̀ kejì ti bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Èyí ni mo ń béèrè. Ẹlẹ́rìí, ṣé àpọ́nlé ni?"

Ó ti yé Mahlagha. Òótọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Amu ti gbà á kúrò níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ì bá búra láìṣiyèméjì pé ahọ́n ló yọ̀. Èyí ńkọ́? Bóyá ọkùnrin náà ti ro àwọn agolo, ó ti ro ọkàn ìyàwó rẹ̀, ó sì ti pinnu láti fi orí ara rẹ̀ dí i. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ará Isfahan tí ń nawọ́ ẹ̀bùn lẹ́ẹ̀kan. "Dandan ni, tọkàntọkàn ni," ohun tí gbogbo onílé ń sọ lẹ́ẹ̀kejì gan-an nìyẹn, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kú àti ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá àlejò ṣàpọ́nlé, ọ̀kan náà ni wọ́n ní ìlú yìí, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi ń lé àyà.

Ó wá ojú rẹ̀ kó lè fi ìyẹn mọ̀. Nikbakht kò jẹ́ kí ojú wọn ṣe mẹ́rin. Orílẹ̀-èdè Iran kò ní ẹlòmíì tó mọ àpọ́nlé tó Mahlagha, ìwé mẹ́ta ló ti kọ lórí rẹ̀. Gbogbo ìmọ̀ náà dá a jókòó bí ẹni tí wọ́n so lọ́wọ́.

"Ẹlẹ́rìí," ni Etí tún wí.

"Mi ò mọ̀," ni Mahlagha dáhùn. Òótọ́ ni. Òótọ́ burúkú ni.

"Mi ò mọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ dúró."

Iná náà pọ́n, ó sì padà di àwọ̀ ewé. Lára ògiri, níbi tí àwòrán Òkè Funfun ti máa ń tàn, ìlà tó ń fi ìyára àwọn ẹ̀rọ apòòyì hàn bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Iṣẹ́ ìran méjì ni. Àwọn kan ti kú nítorí rẹ̀, ebi ti pa àwọn kan nítorí rẹ̀, wọ́n ti ju àwọn kan sẹ́wọ̀n pé wọ́n ní kò wúlò. Ìlà náà dé ìsàlẹ̀, ó sì tẹ́jú. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Lọ́yà Ìyáàfin Hallberg kàn ń ka nǹkan sínú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì dojú bo àtẹ́lẹwọ́.

Basiri ti dé ẹ̀gbẹ́ Nikbakht. Kò fọwọ́ kàn án. "Dókítà, ọkọ̀ wà nísàlẹ̀. Nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

"Ẹ ṣeun, Agha," ni Nikbakht dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Mahlagha, ó dúró. Àwọn ará Isfahan kì í kọjá lára ẹni láìsọ nǹkan. "Mahlagha-jan, ọmọ mi. Ó pẹ́ tí o ti wá sílé wa. Yà lọ́dọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Shamsi ń se fesenjan. Tí o kò bá wá jẹ ẹ́, á bínú sí mi."

Ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ nígbà ìdágbére ni. Èsì rẹ̀ náà sì wà: ẹ má ṣe wàhálà, Amu, ìgbà míì, ẹ bá mi kí wọn. Mahlagha ti sọ ọ́ fún un nígbà tí kò lóǹkà.

"Màá wá, Amu," ó wí.

Nikbakht wò ó. Ó yà á lẹ́nu. Fún ìgbà díẹ̀ ó rí bí ẹni tí kò mọ ohun tó kàn, nítorí pé kò sí ẹni tó gba ìpè rẹ̀ láìkọ́kọ́ kọ̀ rí. Ó wá mi orí. "Ó dáa," ó wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi." Ó sì bá Basiri jáde.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ aláìláwakọ̀ gbé Mahlagha gba etí odò lọ. Odò orúkọ lásán ni. Dígí tí ń fa oòrùn ni wọ́n tò sí ibi tí omi ti ń ṣàn láyé ìyá rẹ̀, àwọn afárá àtijọ́ sì dúró sórí dígí náà, wọ́n ń wo ara wọn. Ọkọ̀ náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú pé ibẹ̀ ló ń lọ. Ó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì pé bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín méjèèjì, ó ń wá bí ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Kò rí i.

Khanom Shamsi ló ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan, Ilé Aṣọ́nà kì í jẹ́ kí ìròyìn jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú rẹ̀ dán, ó ta ìborí rẹ̀ sẹ́yìn nítorí ooru ilé ìdáná, òórùn ọbẹ̀ pómígíránétì sì gbọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ jáde.

"Háà, Mahlagha! Ojú rẹ rèé! Ta ló rántí wa lónìí?"

"Amu ni, Khanom. Àwọn ló ní kí n wá jẹun."

"Ìwọ náà sì gbà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ń na ọrùn wo ẹ̀yìn Mahlagha, ó ń wo ọ̀nà. Ẹ̀rín náà dúró díẹ̀ lójú rẹ̀. Kò sí ọkùnrin Isfahan kan tí ń pe àlejò wá jẹun kó má bá a délé láti ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wo ọkọ̀ tó ṣófo. Ó wo ojú Mahlagha, ó sì wò ó pẹ́.

Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ṣé wọ́n jẹ́ kó wọ kóòtù rẹ̀?" ó béèrè. "Àhámọ́ wọn yẹn máa ń tutù."

Mahlagha gbìyànjú láti rántí. Òun ni wọ́n yàn láti máa kíyè sí ohun gbogbo. Ó rí ọwọ́ tó lé àyà, ó rí kọ́là tí ó tún ṣe, ó rí ẹ̀yìn àgbàlagbà náà bó ṣe ń jáde, ṣùgbọ́n kò rí kóòtù.

"Mi ò kíyè sí i, Khanom," ó wí, ó sì bú sẹ́kún sẹ́nu ilẹ̀kùn níbẹ̀.